Bí Wárápá bá Gbé Ẹnì Kan, Ẹ Má Ṣe Dì Í Lápá Mú

Ẹ̀kọ́ ìlera ni a ó kọ́ ní oṣù yìí, ó sì dá lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ wa kò kà sí: bí wárápá ṣe lè yẹ èjìká ènìyàn, àti bí àwa tí a fẹ́ ranni lọ́wọ́ ṣe lè dá kún ìpalára náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí èmi tí mo ń kọ ọ́ yìí wà lára àwọn tó ṣàṣìṣe.

Ọ̀kan nínú òru mẹ́wàá ìkẹyìn Rọ̀mọ̀dánì ni. A péjọ sí mọ́sálásí kan ní Okokomaiko fún àìsùn. Bí a ti ń kírun lọ, arákùnrin kan tó dúró ní sàfù ẹ̀yìn ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ṣubú, gbogbo ara rẹ̀ le bí igi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì. Kí ni àwa ṣe? Ẹni mẹ́rin ló sáré bò ó. Ẹnì kan jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹnì kan ń wá ṣíbí tí yóò fi la eyín rẹ̀, ẹnì kan di apá òsì mú mọ́lẹ̀. Èmi ni mo di apá ọ̀tún mú. Mo fi gbogbo agbára mi tẹ̀ ẹ́ mọ́ sìmẹ́ńtì, mo rò pé oore ni mò ń ṣe.

Nígbà tó lajú, ó ní èjìká ọ̀tún ń dun òun. A ní ìṣubú ló fà á, a fi òróró gbígbóná ra á. Ní ọjọ́ kejì ó lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ládùúgbò. Wọ́n ya àwòrán X-ray kan ṣoṣo láti iwájú, wọ́n ní eegun kankan kò kán, wọ́n fún un ní oògùn ìrora pé kó máa lọ. Ọ̀sẹ̀ méje kọjá. Kò lè fi ọwọ́ náà ya irun orí rẹ̀, kò lè wọ agbádá àfi bí wọ́n bá bá a gbé e wọ̀. Bó bá na ọwọ́ méjèèjì síwájú láti ṣe àdúà, àtẹ́lẹwọ́ òsì á wo òkè, ti ọ̀tún á dojú kọ ẹ̀gbẹ́. Ilé ìwòsàn kejì ló ya àwòrán láti abẹ́ abíyá. Ibẹ̀ ni a ti rí i pé láti òru ọjọ́ yẹn ni orí eegun apá ti bọ́ kúrò nínú àwo rẹ̀, tó sì há sí ẹ̀yìn. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi dá a padà.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a tó gbọ́ pé wárápá náà ti pẹ́ lára rẹ̀. Ó fi í pamọ́ fún wa nítorí pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wà nílẹ̀, ó sì ti pa oògùn àárọ̀ rẹ̀ tì láti ọjọ́ kìíní ààwẹ̀.

KÍ NI WÁRÁPÁ?

Ọpọlọ a máa fi iná mànàmáná kékeré ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀yà ara. Ìyẹn ni a fi ń gbé apá, tí a fi ń rìn, tí a fi ń sọ̀rọ̀. Ní ara ẹni tó ní wárápá, ìgbà mìíràn wà tí iná yìí á ṣẹ́ yọ lójijì láìsí ètò, tí gbogbo iṣu ẹran ara á sì fà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá tán, ara á rọ̀, ojú ẹni náà á máa ṣú, kò ní mọ ibi tó wà fún ìgbà díẹ̀. Ìdí tó ń fà á pọ̀: ọmọ tí kò tètè mí nígbà ìbí, àrùn tó wọ ọpọlọ, orí tó fọ́ nínú jàǹbá ọ̀kadà, rọpárọsẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a kì í rí ìdí kankan. Gìrì tí ibà ń fà fún ọmọdé kì í ṣe wárápá, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ní wárápá bí wọ́n bá dàgbà.

Wárápá kì í ràn. Mo tún un sọ: kì í ràn. Itọ́ tó ń hó lẹ́nu ẹni tó ṣubú kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Ìbẹ̀rù itọ́ yìí ló mú kí àwọn kan sá fún ọmọ ọlọ́mọ lójú títì, títí ọkọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá ní Ìyànà Ìbà.

Àìsàn yìí kò sì ṣọ̀wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 ènìyàn ló ní in káàkiri ayé. Ní ilẹ̀ wa níbí, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn, tó kú ní 1995, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Igbó-Ọrà, wọ́n yẹ àwọn ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19,000 wò. Ìwádìí náà jáde ní 1987: ẹni bíi 5 nínú 1,000 ló ní wárápá. Ṣùgbọ́n ní Ayétẹ̀, tí kò jìnnà sí Igbó-Ọrà rárá, wọ́n ti kọ́kọ́ rí 37 nínú 1,000. Èdè kan náà, oúnjẹ kan náà, ilẹ̀ Ìbàràpá kan náà! Igbó-Ọrà ni Yunifásítì Ìbàdàn ti dá ètò ìlera ìgbèríko sílẹ̀ láti 1963. Lójú tèmi, a kò lè yọ ìtọ́jú aboyún, ìgbẹ̀bí tó dára àti abẹ́rẹ́ àjẹsára kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí.

BÁWO NI ÈJÌKÁ ṢE Ń YẸ̀?

Ẹ mú ọsàn kan, ẹ gbé e lé orí sọ́sà kékeré. Bí èjìká ṣe rí nìyẹn. Orí eegun apá ni ọsàn. Àwo tó jókòó sí kéré, kò sì jinlẹ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni iṣan àti iṣu ẹran tó yí wọn ká. Ìdí nìyẹn tí apá fi ń yí síbi gbogbo ju ìtan lọ, ìdí nìyẹn náà tó fi jẹ́ òun ni oríkèé ńlá tó ń yẹ̀ jù lọ.

Nínú bọ́ọ̀lù gbígbá tàbí ìṣubú lórí ọ̀kadà, iwájú ni èjìká máa ń yẹ̀ sí, ó ju 90 lọ nínú 100. Ẹ̀yìn kò ju 2 sí 4 nínú 100 lọ. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá rí èjìká tó yẹ̀ sí ẹ̀yìn, pàápàá bó bá jẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó bi ni pé: ṣé wárápá gbé ọ ni, tàbí iná mànàmáná gbé ọ?

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Àwọn iṣu ẹran tó ń fa apá mọ́ra tó sì ń yí i sínú, èyí tó wà láyà àti èyí tó gbòòrò lẹ́yìn, tóbi lọ́pọ̀lọpọ̀ ju àwọn kéékèèké tó ń yí apá síta lọ. Lọ́jọ́ tí ara dá, ọpọlọ ń pín iṣẹ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wárápá bá dé, gbogbo wọn á fà lẹ́ẹ̀kan náà, alágbára á borí aláìlágbára, apá á yí sínú, orí eegun á sì ti ara rẹ̀ sẹ́yìn kúrò nínú àwo. Kò dìgbà tí ènìyàn bá ṣubú. Ẹni tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́jẹ́, tí wárápá gbé lójú oorun, lè jí kí èjìká rẹ̀ ti yẹ̀. Bó bá ṣubú lulẹ̀ ńkọ́? Ó lè yẹ̀ sí iwájú bíi ti ẹlòmíràn, orí eegun náà sì lè fọ́ pẹ̀lú. Ẹ wá fojú inú wo ọkùnrin bíi tèmi tó tún dì í lápá mú. Apá fẹ́ fà, èmi náà ń fà. Ohun tó wà láàárín àwa méjèèjì ló gba ìyà.

Kì í ṣe ìmọ̀ tuntun. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Astley Cooper, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1839 nípa alárùn wárápá kan tí èjìká rẹ̀ yẹ̀ sí ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń tún rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti jẹnẹrétọ̀ ṣe ní ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí iná bá gbé ènìyàn, bákan náà ni iṣu ẹran ṣe ń fà. Bí ọ̀gá tàbí ọmọṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ iná, tó ní apá òun kò gbé, ẹ má ṣe sọ pé iná ló kù lára rẹ̀. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ èjìká rẹ̀ wò.

BÍ A ṢE LÈ DÁ A MỌ̀

Èyí tó yẹ̀ sí iwájú rọrùn láti mọ̀. Èjìká kò ní rí rogodo mọ́, etí eegun á yọ ṣóńṣó, apá á ya díẹ̀ kúrò lára, onítọ̀hún á sì máa ké. Ti ẹ̀yìn ni oníjìbìtì. Kò sí ìwú tó hàn gbangba, kò sí eegun tó yọ síta. Apá á kàn lẹ̀ mọ́ ìhà, ọwọ́ á dùbúlẹ̀ sórí ikùn bí ẹni tó fi aṣọ gbé e kọ́ ọrùn. Ẹ ní kó fi ìgúnpá kan ìhà rẹ̀, kó wá yí ọwọ́ síta bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn. Ti apá tó dá yóò ṣí. Ti èyí tó yẹ̀ yóò há. Ẹ má ṣe bá a fipá yí i o. Ẹ kàn wò ó, ẹ fi òsì wé ọ̀tún.

Ẹ rántí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí látinú wárápá kò mọ ohun tó ń dùn ún. Ojú rẹ̀ ń ṣú, orí ń fọ́ ọ, ó fẹ́ sùn. Nítorí náà, ẹ tún padà bi í léèrè lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ sì tún bi í ní ọjọ́ kejì: ṣé apá rẹ ń gbé? Bí ibi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè apá rẹ̀ bá kú tipiri, tí kò mọ̀ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, ẹ sọ fún dókítà, nítorí iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára kọjá níbẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, àwòrán tí wọ́n yà láti iwájú nìkan lè tan ojú jẹ, nítorí pé orí eegun tó há sẹ́yìn lè dà bí ẹni pé ó wà ní àyè rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ya òmíràn láti ẹ̀gbẹ́ tàbí láti abẹ́ abíyá, bí iyèméjì bá sì wà, kí wọ́n ṣe CT. Nǹkan bí ìdajì irú èjìká bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í rí ní ìgbà àkọ́kọ́ tí aláìsàn dé iwájú dókítà, kì í sì í ṣe ní Nàìjíríà nìkan. Nítorí náà kì í ṣe àfojúdi bí ẹ bá sọ pé, “Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, wárápá ló gbé e, ẹ bá wa ya ti ẹ̀gbẹ́ náà.” Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ì bá gba arákùnrin wa lọ́wọ́ ọ̀bẹ. Bó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ṣòro kí èjìká tó padà láìsí iṣẹ́ abẹ.

KÍ LÓ YẸ KÍ Á ṢE?

Ẹ wo aago lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kó bẹ́ǹṣì, fìtílà, bàtà àti ohunkóhun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí. Ẹ ká aṣọ tàbí ẹní ìkírun, ẹ fi rọ orí rẹ̀. Ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn tàbí pínnì híjáàbù. Ẹ jẹ́ kí apá àti ẹsẹ̀ gbọ̀n bó ṣe fẹ́. Bí ìgbọ̀nrìrì bá rọlẹ̀, ẹ rọra yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ejìká àti ìbàdí ni kí ẹ ti yí i, ẹ má ṣe fà á lápá. Ẹ má ṣe kí ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu; eyín ni yóò fọ́, kò sì sí ẹni tó lè gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Ẹ má ṣe da omi sí i lẹ́nu.

Ẹ má sì ṣe da àgbo sí i pẹ̀lú. Àwọn ìyá wa àgbà mọ èyí tí wọ́n ń fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà àti àlùbọ́sà ṣe fún gìrì. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti yẹ ẹ́ wò láti àwọn ọdún 1970, wọ́n rí i pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ọmọ púpọ̀ ló sì ti bá a lọ. Ti ẹsẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ iná, àpá rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ àwọn àgbàlagbà kan tí a jọ ń kírun.

Bó bá jẹ́ arábìnrin ló ṣubú, kí àwọn obìnrin yí i ká, kí wọ́n fi ìró bò ó, kí àwọn ọkùnrin sì yéé wòran. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka hádíìsì mọ ìtàn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí Ibn Abbas fi han Ata ọmọ Abu Rabah, tó wà nínú Bukhari àti Muslim. Wárápá ló ń gbé obìnrin náà ṣubú, ohun tó sì tọrọ lọ́dọ̀ Ànábì ni pé kí ara òun má máa ṣí sílẹ̀. Ohun tó ká a lára ju àìsàn lọ nìyẹn, ìró kan ṣoṣo ló sì gbà lọ́wọ́ tiwa.

Bí ìgbọ̀nrìrì bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, tàbí tí òmíràn tẹ̀ lé e kí ẹni náà tó jí, tàbí tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn kíákíá. Bó bá jẹ́ aboyún, tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ má ṣe ka ìṣẹ́jú kankan. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà ń fa tirẹ̀, ó sì ń pa ìyá àti ọmọ.

Ní agbègbè wa, ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ojú omi wà ní Ọ̀jọ́, ilé ìwòsàn ìjọba sì wà ní Ìgàndó fún ẹni tó bá gba ọ̀nà LASU láti Ìyànà Ìbà. Fún ọ̀rọ̀ eegun gan-an, Ìgbóbì ni baba. Ibi ìtọ́jú àwọn sọ́jà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì di ilé ìwòsàn ní 1945. Ẹ gba Mile 2 àti Oṣòdì, ẹ ó dé ibẹ̀, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá gbà yín láyè.

Ẹlòmíràn á ní, àwọn baba wa tó ń to eegun ńkọ́? N kò bú wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ní ọwọ́ tó mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ojú kò rí inú eegun, bí orí eegun bá sì ti fọ́, ẹni tó bá fà á yóò fọ́ ọ sí i. Igi àti okùn tí wọ́n dì le jù ti mú kí apá àwọn kan kú, tí wọ́n fi gé e. Ẹ ya àwòrán ná. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń sọ pé ìṣègùn ilé ìwòsàn jẹ́ ti aláwọ̀ funfun, ẹ bi í bó bá mọ Al-Zahrawi, Mùsùlùmí ará Qurtuba tó kú ní nǹkan bí 1013. Ìwé rẹ̀, At-Tasrif, pín sí ọ̀nà 30. Ìkẹyìn wà fún iṣẹ́ abẹ, apá kan odindi nínú rẹ̀ sì dá lórí eegun tó kán àti oríkèé tó yẹ̀.

OÒGÙN ÀTI ÀÀWẸ̀

Bí a bá to èjìká padà, tí wárápá kò sì dáwọ́ dúró, yóò tún yẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tó dára jù lọ lè bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú méjì. Ibi tí ìtọ́jú èjìká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà, ni ọpọlọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé tó ẹni 70 nínú 100 ló lè wà láìrí wárápá mọ́ bí wọ́n bá ń lo oògùn tó yẹ déédéé. “Déédéé” yẹn ni ìṣòro wa. Oògùn tán, owó kò sí. Tàbí ara yá fún oṣù mẹ́fà, a ní ó ti lọ. Tàbí ẹnì kan fún wa ní hàǹtú, ó ní kí a má lo nǹkan mìíràn mọ́. Ẹ mu hàǹtú bí ẹ bá fẹ́, ẹ sì lo oògùn yín.

Ní ti ààwẹ̀, Al-Kùránì fúnra rẹ̀, nínú Súrátù Bákárà, yọ̀ǹda fún aláìsàn kó jẹun kó sì san án padà ní ọjọ́ mìíràn, ẹni tí kò sì lè gbà á mọ́ á bọ́ tálákà. Àwọn oògùn kan wà tí dókítà lè ṣètò sí sààrì àti ìṣínu; àwọn mìíràn kò gba bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bá dókítà yín ní oṣù kan tàbí méjì kí Rọ̀mọ̀dánì tó dé, ẹ má ṣe dá a ṣe. Kì í sì í ṣe oògùn nìkan: àìsùn náà a máa jí wárápá. Ẹni tó bá ní in, tó kírun díẹ̀ tó sì lọ sùn ní òru mẹ́wàá yẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ọ̀lẹ.

Ẹ̀yin arábìnrin, oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní sodium valproate tó lè ṣe ọmọ inú oyún níjàǹbá. Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ń múra ìgbéyàwó, kó lè pààrọ̀ rẹ̀ ní àsìkò. Ẹ má kàn ju oògùn nù lójijì nígbà tí oyún bá dé, nítorí wárápá tó padà dé léwu fún ẹ̀yin méjèèjì. Phenobarbitone àti phenytoin, tí wọ́n wọ́pọ̀ ní kẹ́mísì wa, lè sọ eegun di ẹlẹgẹ́ bí a bá lò wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dókítà ló mọ bí a ṣe ń ṣọ́ ìyẹn.

Arákùnrin wa ti fẹ́ ìyàwó báyìí. Ó sọ fún àwọn òbí ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀, wọ́n bínú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì gbà. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni apá rẹ̀ fi wà nínú ìdè, ọ̀pọ̀ oṣù ló sì fi ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ apá ní eré ìdárayá. Ní Jímọ̀ tó kọjá, a jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wa. Nígbà tí Ímáàmù bẹ̀rẹ̀ àdúà, mo yọ́jú wo ọwọ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì wo òkè, àfi pé ti ọ̀tún ṣì tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.